Máìkì Méjì, Ohùn Kan

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó fi ojú mi rí bí bàbá mi ṣe ń pe ìrun. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ládàánì ni wọ́n, obìnrin sì ni èmi. Yàrá àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ògiri ni mo ti máa ń gbọ́ wọn, tàbí nínú ilé, tàbí lójú títì bí mo bá ń kọjá lọ. Mo mọ ohùn wọn ju ti ara mi lọ. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń mí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fà á gùn. Nítorí pé mo mọ èyí, mo rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Bíríkìlà ni bàbá mi tẹ́lẹ̀. Láti Ìkirè ni wọ́n ti wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kí ṣì jẹ́ omi àti ẹrẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da yanrìn sí. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ilé sí àwọn ẹ̀sítéètì tí mẹ́gàádì kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ̀ lónìí àfi tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹni tí wọ́n wá rí sínú ìwé. Nígbà tí ìbàdí wọn ò gba búlọ́ọ̀kù gbígbé mọ́, mọ́ṣáláṣí kan ní Igbó Ẹfọ̀n, létí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, fi wọ́n ṣe ládàánì, ó sì fún wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ọgbà. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, ìpè ìrun yẹn nìkan ló ń gbé wọn dìde lórí ẹní. Wọn ò fi pamọ́ fún mi. A jọ ń jẹun lọ́jọ́ kan ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá mi." Ọdún tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pè mí. "Ìyá mi, ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìpè yìí lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo fẹ́ máa jí ṣe?" Mo ní kí wọ́n jẹun jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ní tèmi, ohùn ni mo fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní òpópónà Addo, ní Ajah, níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Ẹnjiníà. Mo ń tún ámpù ṣe, mo sì ń fọwọ́ ara mi ṣe àpótí tó ń po ohùn pọ̀ àti èyí tó ń pín ohùn. Áísì kékeré kan wà nínú wọn, ẹ̀yà ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Òun ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní máìkì mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kó gba ẹnu sípíkà kan jáde, inú áísì yẹn ni ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa pàdé, tí ọ̀kan ò ní gbé èkejì mì. Bí ohùn kan bá sì ní láti lọ síbi mẹ́ta, màá fún ibi kọ̀ọ̀kan ní áísì tirẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí wáyà ti ibì kan bá já, kò ní kan ibi yòókù.

Ẹsẹ̀ méjì ni ohùn lè gbà wọ inú áísì náà. Ti àkọ́kọ́, bí ohùn bá ṣe wọlé ló ṣe máa jáde. Ìkejì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń pè ní ẹsẹ̀ òdì: ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, òdì rẹ̀ ló máa jáde. Bí o bá wá ki ohùn kan náà bọ ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, tí wọ́n sì dọ́gba, wọ́n á pa ara wọn. O ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá mi a máa sọ pé, "Ohun tí o bá fẹ́ kó kú ni kí o fi síbẹ̀." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà láti fi yangàn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ títì. Tílà àti típà oníyanrìn wá ń gba ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n tún kọ́ ilé ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé náà kì í sinmi, ńṣe ló ń kùn ṣáá. Gbogbo rẹ̀ ń wọ inú máìkì bàbá mi. Ohùn wọn náà sì ti ń tín-ín-rín, mi ò ní purọ́, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá pe ìrun, họ́ọ̀nù orí òrùlé á máa gbé ariwo típà jáde ju ohùn wọn lọ. Ni àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí bá pe ìpàdé lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọkùnrin kan wá láti Oniru, ẹni tí ohùn rẹ̀ le dáadáa, kí bàbá lọ sinmi.

Bàbá mi wọ kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Orí mi gbóná. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, èmi àti bàbá jọ lọ bá ìgbìmọ̀ náà.

Ọ̀gá ìgbìmọ̀ náà jẹ́ mánéjà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nínú ẹ̀sítéètì kan nítòsí. Ẹ jọ̀wọ́, "ó" ni màá máa pè é nínú ìtàn yìí, àgbà ni o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n "wọ́n" ti bàbá mi ni. Mo bá òun àti àwọn ọkùnrin márùn-ún kan níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, orúnkún mi ò tíì kúrò nílẹ̀ tí ẹnu mi fi là. "Ariwo títì lẹ̀ ń gbọ́, ẹ ní ohùn bàbá mi ni! Etí yín ló bàjẹ́ ni àbí ojú yín? Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Tí ohùn bàbá mi ò bá jáde gaara, ẹ gba iṣẹ́ yín, kí ẹ sì jáde síta kí ẹ sọ fáyé pé èmi náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ọ̀gá ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Madam, a ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Nígbà tí a dé yàrá bàbá mi, wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fún ènìyàn, sùúrù ni baba ìwà. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo mú máìkì kéékèèké méjì, mo kó wọn sínú páìpù kúkúrú kan, mo jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Ti iwájú kọjú sí ẹnu bàbá mi, ti ẹ̀yìn kọjú sí òdìkejì. Ariwo títì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà yóò wọ máìkì méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹnu bàbá mi sún mọ́ ti iwájú pẹ́kípẹ́kí, ti iwájú ló máa gbọ́ wọn jù. Mo wá so ti iwájú mọ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, mo so ti ẹ̀yìn mọ́ ẹsẹ̀ òdì. Típà á pa típà, jẹnẹrétọ̀ á pa jẹnẹrétọ̀, ohùn bàbá mi á ṣẹ́kù. Èyí ni mo gbé lọ sí họ́ọ̀nù orí òrùlé. Ti sípíkà kékeré tó wà ní yàrá àwọn obìnrin, mo ya tiwọn sọ́tọ̀ láti ara máìkì iwájú, kó tó dé ibi ẹsẹ̀ òdì rárá, kí ó lè jẹ́ pé bí àpótí mi bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin á ṣì máa gbọ́. Ṣé ẹ rí i pé mo ro gbogbo rẹ̀? Mo rò ó jinlẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àìlá, la dán an wò. Mo ní, "Bàbá, ẹ kọjú sí i dáadáa, ẹ má mira, kí ẹ pe ìrun díẹ̀ ká gbọ́."

Wọ́n wò mí bíi pé mo bú wọn. "A kì í fi ìpè dánra wò. Bí mo bá pè é, ẹni tó gbọ́ á dìde ṣe àlùwàlá. Ṣé kí n wá sọ fún un pé eré là ń ṣe?"

Wọ́n wá ń kà. Èmi sáré jáde lọ dúró sétí gọ́tà lójú títì. Típà kan ń kọjá lọ́wọ́, ilẹ̀ ń mì tìtì, mo sì ń gbọ́ "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" lórí òrùlé bí ẹni tó dúró tì mí. Mo fò sókè! Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ní, "Àǹtí, kí lẹ jẹ?" Mo ní ìṣẹ́gun ni mo jẹ. Bàbá mi kà á dé ogún, wọ́n wá fi kún un pé, "Ìyá mi, ó tó àbí kò tó?" Gbogbo Igbó Ẹfọ̀n ló gbọ́.

Nígbà tí ó di ìrun Alásàrí, mo wọ yàrá àwọn obìnrin lọ. Ìpè bẹ̀rẹ̀ nínú sípíkà kékeré wa, ohùn bàbá mi dé geere, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àlàájà àgbàlagbà kan tó máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní, "O ṣe bàbá ẹ lóore." Mo sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún yẹ iṣẹ́ náà wò mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò?

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Bàbá mi wá ń dákẹ́. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo bi wọ́n pé ṣé ara ò yá ni, wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo rò pé ikú ìyá mi ni wọ́n tún ń rò.

Àlàájà yẹn ló pè mí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ pé wọ́n ti kéde ládàánì tuntun? Ọ̀la Jímọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ohùn bàbá ẹ ti ń já. Ó yà mí lẹ́nu o, torí àwa tá a wà nínú ilé ò gbọ́ kó já."

Mo ti ń bú wọn lọ́nà kí n tó wọ ọkọ̀. Mo bú ọ̀gá ìgbìmọ̀, mo bú ẹ̀sítéètì rẹ̀, mo bú ará Oniru tí mi ò rí rí. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Igbó Ẹfọ̀n, họ́ọ̀nù ta, ìpè Alásàrí bẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Ọlọ́hun tóbi jùlọ, ó dún gaara. Ìjẹ́rìí náà dún gaara. Mo ti ń mi orí pé ẹ ò rí àwọn èké wọ̀nyí. Ló bá ku ibi tí wọ́n máa sọ pé ẹ wá kírun.

Họ́ọ̀nù dákẹ́.

Kò já o. Kò kú. Ńṣe ló kàn ń ṣe fìì, bí ìgbà tí máìkì wà ní títàn tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n máa sọ pé ẹ wá síbi ọlà náà tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ọlọ́hun tóbi jùlọ padà dé, gaara. Ọkùnrin kan tó dúró tì mí mi orí, ó ní, "Bàbá yìí ti tán. Ẹ ò rí i pé ibi tó yẹ kó pe èèyàn gan-an ni ohùn rẹ̀ ń kú sí."

Mo sáré wọ ọgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nídìí máìkì ni, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọkùnrin, mo ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ dé ibi ẹ wá kírun?"

"Mo pè é ni."

"Báwo lẹ ṣe pè é? Ẹ ṣe é kí n rí i."

Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n wọ́n padà síbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan etí, ẹnu wọn ń mì láìsí ohùn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò, àyà wọn ò kúrò, wọ́n kàn yí ojú sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i sí òsì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ládàánì ṣe ń ṣe é, níbi gbogbo láyé. Kò sí ọkùnrin tó ń kírun ní sáàfù, ìlà iwájú, tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ojú máa yí, wọn ò mọ ohun tó wà nínú páìpù mi. Èmi mọ ohun tó wà nínú páìpù, mi ò mọ̀ pé ojú máa yí.

Bí wọ́n bá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu wọn ò kọjú sí máìkì kankan mọ́, ohùn wọn á wá wọ méjèèjì bákan náà. Ohun tó bá sì wọ méjèèjì bákan náà, èmi ni mo ní kí àpótí yẹn pa á. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, mò ń pa bàbá mi lẹ́nu mọ́ níbi ẹ wá kírun. Nínú yàrá obìnrin, tí ohùn ò gba ibi ẹsẹ̀ òdì, mo jókòó, mò ń gbádùn ara mi.

Mo ní kí bàbá lọ kírun. Mo bọ́ sẹ́yìn àpótí náà, mo fa wáyà máìkì ẹ̀yìn já. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ ló bá mi níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun, mo sì ti ń wá bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe pẹ̀lẹ́ sí mi, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Madam, ẹ má bínú. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ̀rọ yín dáa, gbogbo ibi tó kù ló ń jáde gaara, a rí i. Ohùn bàbá ló tán. Kódà, mọ́ṣáláṣí méjì míràn ń béèrè ẹni tó ṣe é, mo ti fún wọn ní nọ́ńbà yín."

Ẹ wò ó, èmi tí mo bú wọn ní gbangba, èmi tí ẹnu mi kì í gbófo nìyẹn. Mo rántí gbogbo ohun tí mo fi yangàn níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn. Mo ní, "A dúpẹ́, sà." Mo gbé báàgì irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Ará Oniru bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ìgbìmọ̀ ò lé bàbá mi kúrò nínú yàrá wọn, ṣùgbọ́n bàbá ò tètè jí mọ́, wọn ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá kí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá mi, ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Ohùn náà ń já, èmi ò mọ̀ pé ó ń já. Nínú etí ara mi, mo rò pé mò ń pè é ni. Ṣé bí orí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú nìyẹn?"

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: páìpù, máìkì méjì, ẹsẹ̀ òdì, ojú tí wọ́n ń yí. Mo sunkún débi pé mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé wọn. Mo ń retí èébú, mo fẹ́ kí wọ́n bú mi.

Wọ́n ní, "Nítorí náà, mo pè é?"

"Ẹ pè é, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ lẹ pè. Kò sí ọ̀kankan tó já."

"Àlùhámúdúlíláà." Omi bọ́ lójú wọn. "Ọlọ́hun gbọ́ ọ nígbà náà."

Mo ní lọ́jọ́ Jímọ̀ màá dìde níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, màá sọ pé èmi ni. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ bíríkìlà ò tíì kúrò lára wọn, ó dùn mí. Wọ́n ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó o bá sọ ọ́, ta ló máa tún gbé iṣẹ́ fún ọ láti Ajah dé ibí? O ṣì ní ọmọ tí ò ń tọ́. Èmi, ohùn mi ì bá ti tán náà lọ́jọ́ kan. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ó ti tán."

Ó yẹ kí n kọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n pa ẹnu mọ́ láyé mi, ṣé mo gbọ́ rí? Èyí nìkan ni mo gbọ́. Kì í sì í ṣe ìgbọràn ló jẹ́ kí n gbọ́. Ara tù mí ni. Bí ara ṣe tù mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi.

Bàbá mi ò rí ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Níbi fìdáù wọn, a kún ọgbà mọ́ṣáláṣí fọ́fọ́, ọ̀gá ìgbìmọ̀ sì dìde láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni bàbá, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní ohùn ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, kó tó wá gba ẹ̀mí. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́hun má ṣe gba ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kí ọjọ́ wa tó pé. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, tèmi ló ròkè jù.